Róòsì Ọwọ́ Ìyáàfin Sẹ́stíà

Oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwa tí a ń ta lọ́fínńdà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìsọ̀ òpópónà Sẹpilásíà fi kọ ẹ̀yìn sí i, tí fèrèsé wọn sì kéré bí ojú ológbò tó ń tòògbé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ráyè wọlé tọ òróró wa, òórùn inú rẹ̀ á dìde, á bá a lọ, bí ìyàwó tí wọn ò fẹ́ràn nílé ọkọ. Inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni mo ti lo ọdún méjìlélógún, ní ìsọ̀ ọ̀gá wa Númísì, ní ìlú Kápúà. Inú òkùnkùn náà sì ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ahọ́n rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Oko ni wọ́n bí mi sí, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin róòsì. Kí eyín mi tó pé lẹ́nu ni mo ti mọ̀ pé kùtùkùtù, kí ìrì tó gbẹ, là ń já òdòdó. Nígbà tí wọ́n tà mí sí Kápúà, Númísì wò mí látòkè délẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, mo dá a lóhùn mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnu èyí dùn. Ẹ fi í sí ẹnu ọ̀nà." Bí mo ṣe di Hílárà ẹnu ọ̀nà nìyẹn, tí mo ń kí oníbàárà káàbọ̀, tí mo ń kí wọn pé ó dàbọ̀.

Èmi ni mò ń kí ènìyàn, Ìyá Jánúáríà ni ó ń ṣe òróró. Trófímè ni orúkọ tí ọ̀gá ń pè é, ṣùgbọ́n àwa ará ilé, ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é. Ẹrú ni, bí èmi náà ti jẹ́ ẹrú. Obìnrin gíga ni, èjìká rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ nítorí títẹ̀ tó ń tẹ̀ sórí agbada. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò fẹnu kan àlùbọ́sà rí, kò jẹ aáyù rí, nítorí imú rẹ̀. Bí ìgbà lílì bá dé, á fi oyin pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó tó fọwọ́ kan òdòdó, á fi oyin pa inú agbada yíká. Ẹgbẹ̀rún lílì á wọ inú òróró, wọ́n á sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, á sẹ́ ẹ, á tún da ẹgbẹ̀rún mìíràn sí i. Ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni òjíá, sáfúrónì àti kinamọ́nì á wá wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àgbàlagbà tó ń wọ ilé ìpàdé. Òróró lílì Númísì ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn tó ń gbé ní Róòmù pàápàá máa ń ránṣẹ́ wá rà á.

Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tí Kápúà kò mọ̀ ni pé ó tó ọdún méje tí imú Númísì ti kú. Ibà kan ló mú un nígbà òtútù, nígbà tó dìde, kò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́. Ó lè gbé ọtí kíkan sẹ́nu kó tó mọ̀ pé kì í ṣe wáìnì. Èmi, òun àti Ìyá Jánúáríà nìkan la mọ̀. Níwájú oníbàárà, á gbé ìgò sókè, á di ojú méjèèjì, á fà á símú títí.

"Trófímè, kí lo rí sí tòní?"

"Ó ku òjíá díẹ̀, ọ̀gá."

"Ohun tí èmi náà fẹ́ sọ nìyẹn."

Ní ọjọ́ kan, ó gbé ìgò kan símú, ó mi orí, ó ní ti ọdún yìí ju ti èṣí lọ. Ìyá Jánúáríà sún mọ́ ọn, ó ní jẹ́jẹ́, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀." Ọjọ́ yẹn ni mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo fi aṣọ dí ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí oníbàárà lọ tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ ni.

Ìgbà tí lílì yọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Númísì kú. Wọ́n ka ìwé ogún rẹ̀ sétí wa ní àgbàlá. Ó ní kí Trófímè di òmìnira, bí ó bá lè ṣe òróró lílì gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe é. Ó ní Ìyáàfin Sẹ́stíà, tó ti ń rà á fún ogún ọdún, ni yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ tí yóò jẹ́rìí sí i, ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n bá sin òun. Bí ìyáàfin bá ní òun kọ́, kí Trófímè di ti Krẹ́sẹ́ntè, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, pẹ̀lú ìsọ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá Jánúáríà gbọ́, ó bojú wò mí, ètè rẹ̀ sì gbọ̀n nítorí ẹ̀rín. Ẹ rò ó wò. Wọ́n ní kí ẹja wá fi hàn pé òun mọ omi í wẹ̀. Ọdún méje ló ti ń ṣe òróró náà lóun nìkan. Mo mọ ohun tí ọ̀gá rò. Ó fẹ́ tú obìnrin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ìwé sọ pé imú òun ti kú. Ó wá ọ̀nà tí inúure rẹ̀ á fi kọjá láìfi ara gbún ìgbéraga rẹ̀.

Krẹ́sẹ́ntè wá láti Putéólì, níbi tí ó ti ń ta omi ẹja tí wọ́n ń bù sí oúnjẹ. Nígbà tó wọ inú ìsọ̀ wa, òórùn ẹja ara rẹ̀ mú kí àwọn ìgò pàápàá fẹ́ dí imú. Ìyá Jánúáríà sọ sí mi létí pé, "Èyí ni yóò jogún lọ́fínńdà. Ọlọ́run ń ṣeré." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ọkùnrin náà wá kì í ṣe eré. Lójú gbogbo wa ló sọ ọ́: bí Trófímè bá yege, kó máa lọ, bí kò bá yege, òun ti bá àwọn ará ilé ẹfun òjé sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ obìnrin tó mọ nǹkan í lọ̀.

Kò sí ẹrú kan ní Kápúà tí kò mọ ilé ẹfun òjé. Ẹ̀yìn odi ló wà, létí odò. Wọ́n á gbé òjé pẹlẹbẹ lé orí ìkòkò ọtí kíkan, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, tó bá yá, òjé á yọ funfun bí búrẹ́dì tó bu. Funfun yẹn ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń họ, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, òun ni àwọn ìyáàfin fi ń pa ojú kí wọ́n lè dán. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́, inú á kọ́kọ́ máa lọ́ wọn, eyín wọn á dúdú nídìí, ọwọ́ wọn á wá máa gbọ̀n. Mi ò mọ ẹnì kan tó lo ìgbà òtútù mẹ́rin níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Ìyá Jánúáríà sì ń wò: Nólà. Nígbà tí Jánúáríà ọmọ rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti tà á lọ síbẹ̀. Káfíńtà kan rà á, ó tú u sílẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ọmọ náà ti lóyún nígbà tí Númísì kú. Ó ránṣẹ́ sí wa lẹ́nu awakọ̀ ìbaaka kan. Ó ní, "Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń tà sí."

"Oòrùn," ni Ìyá Jánúáríà wí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. "Hílárà, màá jókòó sínú oòrùn. Màá jẹ àlùbọ́sà títí omi á fi máa dà lójú mi."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún àlùbọ́sà bí ẹni ń sá fún ẹ̀tẹ̀?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wò ó lójú. Mi ò kórìíra rẹ̀ rí."

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe òróró náà. Gbogbo wa la bá a já lílì. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó pè mí wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gba ọwọ́ mi, ó fi òróró kán mi lórí iṣan, ó ní kí n dúró kí ara mi mú un gbóná ná. Èmi tí mo wà nídìí ọjà yìí láti kékeré, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Lílì kọ́kọ́ dé, ó tutù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan mìíràn ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ohùn ẹni tó ń kọrin nínú ilé tí o kàn ń kọjá lójúde rẹ̀. Mo ní, "Òun ni." Ó ní, "Òun ni."

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. A lọ sí ibojì, a jẹ ẹyin àti ẹ̀wà kékeré àti iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ fún òkú, a padà sílé. Wọ́n ti ní kí ẹlẹ́rìí méje péjú láti òpópónà wa. Márùn-ún ti jókòó nígbà tí àwọn tó gbé àga Ìyáàfin Sẹ́stíà sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀.

Arúgbó ni, ojú rẹ̀ funfun fún ẹfun òjé tó fi kùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò ní ìkà nínú.

"Hílárà, o ṣì wà láyé? Mo rò pé o ti bá ọ̀gá rẹ lọ."

"Ìyáàfin, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kí yín?"

"Ẹnu rẹ ni yóò kú kẹ́yìn lára rẹ. Ṣé wọ́n ti ṣetán?"

"Ó ku ẹlẹ́rìí méjì, ìyáàfin. Ẹ jókòó díẹ̀."

Ó wo àga tí mo gbé fún un, ó wo òdìkejì ọ̀nà. Ìsọ̀ Létù ló wà níbẹ̀, ẹni tó ti ń bá Númísì jìjàdù láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ní irun lórí. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ìgò tuntun dé bá Létù láti Alẹkisáńdíríà. Jẹ́ kí n lọ fojú kàn án. Mò ń bọ̀ báyìí."

Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí, ẹ mọ "mò ń bọ̀." Òun ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń sọ tí kì í padà wá. Númísì ti kọ́ mi ní ohun tí à ń ṣe sí i. Ó ní: "Má ṣe dá a dúró, má sì bẹ̀ ẹ́. Rẹ́rìn-ín sí i, di ọwọ́ rẹ̀ mú, fi òróró róòsì pa á lọ́rùn ọwọ́, kí o ní ẹ̀bùn ilé wa ni." Róòsì fúyẹ́, róòsì dùn, kò sẹ́ni tí í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ imú, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí bí ìyá ọkọ tó sanra, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá. Ẹni tí a bá fi róòsì pa lọ́wọ́, bó dé ìsọ̀ Létù, kó ṣí ogún ìgò, róòsì náà ni yóò máa gbọ́. Á ní ọjà Létù ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, á padà sọ́dọ̀ wa. Ọgbọ́n ilé wa nìyẹn, a kì í sì í sọ ọ́ síta. Ẹrú kan ní ìsọ̀ ìsàlẹ̀ sọ irú rẹ̀ síta lọ́dún kan, irin gbígbóná ni wọ́n fi kọ nǹkan sí i níwájú orí.

Ọdún méjìlélógún. Mi ò lè ka iye ọwọ́ tí mo ti dì mú. Ìyáàfin Sẹ́stíà ní "mò ń bọ̀," ó yí ẹ̀yìn padà, ọwọ́ mi sì ti jáde. Mi ò rán an níṣẹ́. Ìka mi ti wọ inú àwo róòsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ti jáde, ó ti pa á lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì, nítorí ọ̀dọ̀ Létù ló ń lọ, ẹni tó bá sì ń lọ sọ́dọ̀ Létù, ìlọ́po méjì là ń fún un. Ẹnu mi pàápàá ti ń sọ ọ́: "Ẹ̀bùn ilé wa ni, ìyáàfin."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí, ó sì kọjá sí òdìkejì.

Ó ti dé àárín ọ̀nà kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo lè sáré tẹ̀ lé e. Mo lè wọ yàrá ẹ̀yìn lọ bá Ìyá Jánúáríà. Mo dúró síbi tí mo wà, mò ń sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, pé kò pọ̀, pé imú tó ti mọ òróró lílì fún ogún ọdún kò lè ṣì í mọ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì tó kù dé, mo sì kí wọn.

Ìyáàfin padà wá, ó ń mi orí. Ó ní, "Létù ti rẹ̀ o. Ìgò rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú wọn."

Ìyá Jánúáríà jáde láti yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́. Ó ti fọ aṣọ rẹ̀, ó ti di irun. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dúró. Mo rí i tí ihò imú rẹ̀ ṣí. Ó wo ọwọ́ ìyáàfin, ó wá wò mí. Kò pẹ́ tó bí a ṣe ń ṣẹ́jú.

Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, omi gbígbóná wà níbí, èèrí ọkà sì wà níbẹ̀. Ẹ bá wa fọ ọwọ́ yín ná."

"Kí n fọ ọwọ́? Láti ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Ṣé mò ń rùn ni?"

Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ́rìn-ín. Krẹ́sẹ́ntè kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Trófímè, ìyáàfin wá jẹ́rìí ni, kò wá fọṣọ."

"Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, ọ̀gá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ kẹsàn-án náà ni."

"Ní ìrọ̀lẹ́, ilé adájọ́ ni mo ti ń jẹun," ni ìyáàfin wí. "Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí mi, ẹ gbà á nísinsìnyí. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù, ìyá? Ṣé kò jinná ni?"

"Ó jinná, ìyáàfin."

"Gbé e wá, jẹ́ ká gbọ́."

Kí ni ì bá sọ? Bí ó bá ní, "Ìyáàfin, róòsì ló dí yín nímú," wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Bí ó bá dáhùn, obìnrin náà á mọ̀ pé fún ogún ọdún, ilé tó fọkàn tán ló ń dí i nímú bí a ti ń dí ẹnu kèǹgbè. Ó tẹ̀ síwájú. Ó kán òróró náà sí ọrùn ọwọ́ ìyáàfin, ó rọra fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó kó lè gbóná, ó dì í mú títí, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyáàfin Sẹ́stíà gbé ọwọ́ sí imú. Ó gbọ́ ọ. Ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dijú bí Númísì ti máa ń ṣe.

"Ó dára," ni ó wí. "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n róòsì ni."

"Kò sí róòsì nínú rẹ̀, ìyáàfin."

"Ọmọ mi, mo mọ ohun tí imú mi ń sọ fún mi. Ti Númísì, nǹkan kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó máa ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ń dúró dè é, kò wá." Omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó ń la ọ̀nà nínú ẹfun ojú rẹ̀. "Ì bá wù mí kí n sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ lórí òkú ọkùnrin yẹn. Òun kọ́."

Krẹ́sẹ́ntè dìde. Bí òfin ti wí, ó bi gbogbo ilé bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí ẹ̀rí yìí. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Jánúáríà yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ọ̀nà tí ẹni tó ń retí á gbà yọ. Mo wo èékánná mi. Róòsì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ yẹn, èmi ni mo dákẹ́, ti Ìyá Jánúáríà ló bá mi dákẹ́.

Krẹ́sẹ́ntè ní, "Ó tán."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un lọ sí ẹ̀yìn odi. Ní òpópónà wa, wọ́n ń sọ ọ́ pé Númísì ti kó ọgbọ́n rẹ̀ lọ sọ́run, pé ẹrúbìnrin rẹ̀ gbìyànjú ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n. Krẹ́sẹ́ntè ń ta òróró tí Ìyá Jánúáríà ṣe yẹn ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń rà á. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mò ń kí wọn.

Ìgbà òtútù dé. Lọ́jọ́ ọdún Sátọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń fún ẹrú láyè, mo gba ọ̀nà odò lọ. Ìta ni mo ti ń gbọ́ òórùn ọtí kíkan. Ó jókòó sórí àpótí nínú ilé kan tí gbogbo rẹ̀ funfun, ògiri, ilẹ̀, ìpéǹpéjú àwọn ènìyàn. Ọlọ ń bẹ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì máa gbọ̀n púpọ̀, ó kàn ń mì díẹ̀ bí ewé tí afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

"Wá jókòó," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n má mí jinlẹ̀."

Mo gbé búrẹ́dì tí mo mú wá fún un. Mo ní, "Ìyá Jánúáríà, mo wá sọ nǹkan kan fún yín."

"Bó bá jẹ́ ti róòsì ni, mo gbọ́ ọ bí mo ṣe jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Èmi ni mo ṣe róòsì náà. Ó jáde dáadáa lọ́dún yìí."

"Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Létù."

"Mo mọ̀. Bí wọ́n bá jí ọ lójú oorun tí wọ́n sọ orúkọ Létù, wàá fi róòsì pa wọ́n lọ́wọ́."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Mo bi í, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó dá ọlọ dúró. "Ta ni yóò gba èmi gbọ́? Ẹni tí ìdájọ́ fẹ́ dá lẹ́bi, ohun gbogbo ló lè sọ. Ìwọ ni mò ń dúró dè. Bí o bá ní, 'Ọwọ́ mi ló ṣì,' wọn ì bá nà ọ́. Wọ́n lè fi irin kàn ọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ní kí ìyáàfin fọ ọwọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn," ni ó wí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹfun rẹ̀. "Ọtí kíkan yìí ti jẹ imú mi tán. Búrẹ́dì tí o gbé wá yìí, mo mọ̀ pé ó gbóná nítorí pé mo fọwọ́ kàn án. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ohun kan ló ń dùn mí. Jánúáríà á ti gbọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọgbọ̀n ọdún, Hílárà. Bí o bá dé Nólà, sọ fún un pé òróró náà pé."

"Màá sọ fún un."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó pé."

Ní oṣù tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí igi róòsì, kí òdòdó kankan tó yọ, wọ́n ránṣẹ́ sí Krẹ́sẹ́ntè pé Trófímè ti kú. Kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀ mọ́. Wọ́n sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn ẹrú ẹ̀yìn odi, nígbà tí mo sì fi dé ibẹ̀, wọn ò lè fi ibi tí ó wà gan-an hàn mí.

Ìgbà ẹ̀rùn náà ni Krẹ́sẹ́ntè rán mi gbé ẹrù lọ fún oníbàárà kan ní Nólà. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, mo sì béèrè ilé káfíńtà. Jánúáríà ló ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọbìnrin kan tó tó oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sí apá. Jánúáríà ti rí bí ìyá rẹ̀, èjìká nìkan ló kù. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Hílárà, ẹ wọlé. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ti sin ín."

Ó fún mi lómi. Mo jókòó. Mo rí ibùsùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ tí wọ́n ti ká wà lórí rẹ̀, oòrùn sì ń tà sí i. Mo sọ ohun tí wọ́n rán mi. Mo ní, "Ìyá yín ní kí n sọ fún yín pé òróró náà pé."

Ó gbé ọmọ náà bọ́ sí apá kejì. Ó wá bi mí ní ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò bi mí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kápúà, tí mo ti ń wá irọ́ fún lójú ọ̀nà, tí mo sì ti rí mẹ́ta tó dára.

"Bó bá pé, kí ló dé tí ìyáàfin náà fi ní òun kọ́?"

Mo wo ọmọ náà. Mo ní, "Èmi ni." Mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, Létù, àwo róòsì, ọwọ́ méjèèjì. Mo sọ ti ìbéèrè tí Krẹ́sẹ́ntè bi ilé, àti pé ìyá rẹ̀ wò mí, àti pé èékánná mi ni mo wò. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ẹ lè sọ̀rọ̀?" ni ó bi mí.

"Láti ìgbà tí wọ́n béèrè."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye nǹkan fún tí ó sì gbà pé iye rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ mu omi yín tán. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń padà sí Kápúà kì í pẹ́ ní ẹnu ibodè."

Mo mu ún tán. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Kò ní kí n tún padà wá.